Àlejò Tó Já Bọ́ sí Ìtàjí

Bàbá mi, ẹ kú ojú lọ́nà.

Ìwé àwàdà tí ẹ fọwọ́ yín kọ ti dé ọ̀dọ̀ mi ní Kánádà. Àlejò já bọ́ láti ojú sánmà sínú oko ẹ̀gẹ́ ní Ìtàjí, kò sì fẹ́ràn ènìyàn rárá! Lọ́jọ́ kìíní, ilé márùn-ún gbé iyán wá fún un. Ó sá wọ igbó, ó ní wọ́n fẹ́ bọ́ òun kí òun sanra bí ewúrẹ́ Kérésì. Bàbá, ẹ ò ní pa mí lẹ́rìn-ín o.

Àlàáfíà ni mo wà. Ẹsẹ̀ mi ti ń san, mo ti lè dé ẹnu ọ̀nà fúnra mi. Ibí dákẹ́ rọ́rọ́, mo ti ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn aládùúgbò mi kì í da ènìyàn láàmú.

Níbi tí ara àlejò náà kò ti yá, ìyá arúgbó kan jókòó tì í, ó ní, "Jẹun, ọmọ mi, ulé rẹ nì yí." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ènìyàn. Ẹ ò dárúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n bó ṣe pe ilé ní "ulé" yẹn, mo mọ ohùn Màámi. Mi ò tíì gbọ́ ọ láti ìgbà tí ẹ sin wọ́n tí mi ò sí níbẹ̀.

Níparí, ẹ ní àlejò náà padà sí sánmà. Bàbá, ẹ tún un kọ. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ bá mi kí ìyá inú ìwé náà, ẹ ní mo ti jẹun.

Adéníran, ọmọ yín.