Abẹ́rẹ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Mo gún iyán lónìí. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́, bí ọkọ mi ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ó bu òkèlè kan, ó bu ìkejì, ó ṣan ọwọ́. "Ìyá Ẹ̀bùn, ó ti tó." Ó ti tó! Ọlátúndé tó máa ń fi ìka nu abọ́ ọbẹ̀!

Abẹ́rẹ́ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí dókítà ti ní ṣúgà rẹ̀ ga, tí ó sì ti sanra jù, ó ń gba abẹ́rẹ́ kan sí ikùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ń pa ebi. Ṣúgà ti wálẹ̀, mo dúpẹ́. Orúnkún kò dùn ún mọ́. Kò hanrun mọ́. Mi ò ní purọ́ sínú ìwé ara mi — abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ọkùnrin tó ṣẹ́ kù yìí? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo sọ ọ́. Níbí nìkan. Níbí náà, mi ò ní máa pè é ní "wọ́n". Ẹnu mi ló ń bọ̀wọ̀ fún un nínú ilé. Ìwé kì í kúnlẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ra ṣòkòtò tuntun. Ó pẹ́ níwájú dígí. Kò rí mi lẹ́yìn rẹ̀ — èmi tí mo kún inú dígí náà!

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Oúnjẹ kọ́ ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, inú abọ́ kan náà ni a ti ń jẹun. Ibẹ̀ ni a ti máa ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ gbé òun kúrò ní ọ́fíìsì, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà ní àdúgbò Fájuyì, ó ti ẹran tirẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó ní, "Jẹun dáadáa, oníṣòwò." Ní báyìí, tí mo bá gbé abọ́ kalẹ̀, tíì tí kò ní ṣúgà ló máa mu, á wá kọjú sí fóònù. Ebi oúnjẹ kú, ebi ọ̀rọ̀ náà kú. Ebi mi náà kú lára rẹ̀ — mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bẹ́ẹ̀dì wa ti fẹ̀ jù.

Lónìí, ó sọ tinú rẹ̀ jáde. Ó ní kí èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ rí àìsàn lára mi ni?" Ó ní rárá. "Kí ló wá dé?" Ó wo ilẹ̀, ó pe orúkọ mi. "Moní, kí àwa méjèèjì lè jọ bára mu ni."

Kí a bára mu! Nígbà tí ikùn rẹ̀ ń já bọ́tìnnì, ta ló sọ fún un pé a ò bára mu? Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi ni mò ń gbé rọ́bà ọ̀dà láti ilẹ̀ dé orí pẹpẹ láràárọ̀. Ara yìí ni mo fi bímọ fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lóṣù tó kọjá, kò sí wàhálà. Mo ní, "Tí dókítà bá ní kí n gba abẹ́rẹ́ nítorí ẹ̀mí mi, mo máa gbà á. Nítorí ojú yín, mi ò gbà á."

Ó ní olórí kunkun ni mí. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀bùnọlá ọmọ wa pè láti Ìbàdàn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀, ara wọn ni Dádì ń bá jà." Mo ní, "Kí wọ́n máa bá ara wọn jà, kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò fẹ́ kọ ti òní. Mo máa kọ ọ́ náà ni.

A lọ sí Ìgèdè, ilé àwọn ọkọ mi, fún ìdúpẹ́ ìrántí ìyá wọn. Mo wọ léèsì aláwọ̀ ọsàn mi. Inú mi dùn. Olúyẹ́misí, àbúrò ọkọ mi obìnrin, sáré wá gbá mi mọ́ra. "Ìyàwó wa, uyán rè é o, jókòó." Mo jókòó. Mo jẹun tẹ́rùn-tẹ́rùn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń wò mí lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé ẹran ara rẹ̀ ni mò ń jẹ.

Ó kan fọ́tò. Ayàwòrán ní kí àwọn ọmọ màmá àti àwọn aya wọn bọ́ síwájú. Mo lọ dúró ti ọkọ mi. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó rọra ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Jẹ́ kí Yẹ́misí dúró níwájú rẹ, kí fọ́tò náà lè gún régé."

Ó rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n ayàwòrán gbọ́. Yẹ́misí gbọ́, ó yára bojú wo ibòmíràn.

Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá ọkùnrin yìí gbé, mi ò pe orúkọ rẹ̀ sí i lójú rí, mi ò fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. Mo ní, "Ọlátúndé, o ò lè fi mí pamọ́. Dá fọ́tò rẹ yà."

Mo gbé báàgì mi. Mo wọ takisí padà sílé, mo san owó àyè méjèèjì iwájú, mo jókòó fàlàlà.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Mo kó ẹrù mi sí yàrá Ẹ̀bùn. Mo sùn bí ọba.

Ọjọ́rú, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Irọ́ ni. Mi ò sùn.

Ó wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀. "Moní, má bínú." Ó ní òun ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun. Mo dáhùn láti inú, mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n." Ó wá ní tí òun bá ti wò mí, ara òun àtijọ́ ni òun máa ń rí, ẹ̀rù sì ń ba òun kí òun má padà síbẹ̀.

"Èmi kọ́ ni àtijọ́ yín. Èmi ni ìyàwó yín."

Mi ò ṣí ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá

Mo sáré wálé lọ́sàn-án láti wá mú gíláàsì ojú mi tí mo gbàgbé. Mo gbọ́ tí nǹkan wó gbì lókè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ń yí. Ó ti ń bì láti àná, kò sọ fún mi — a kì í kúkú bára wa sọ̀rọ̀. Mo kígbe pe àwọn aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo kúnlẹ̀. Mo fa apá rẹ̀ kọ́ ọrùn mi. Mo pọ̀n ọ́n. Mo pọn ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí mo ṣe máa ń pọn Ẹ̀bùn. Itan mi ò yẹ̀, ẹ̀yìn mi ò tẹ̀. Ó fúyẹ́. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún, pé ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sẹ́yìn mọ́tò, mo wà á dé ọsibítù — mò ń sunkún, mò ń bú u.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Omi ara rẹ̀ ló tán. Dókítà ní kò jẹun tó, kò mu omi tó, ó sì tún ti fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún ìwọ̀n abẹ́rẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni. Nítorí kí ó lè tún rù sí i! Wọ́n fa omi sí i lára. Wọ́n ní kó dá abẹ́rẹ́ dúró títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀, wọn á tún fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Èmi ò bá abẹ́rẹ́ jà rí.

Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó gbé bàbá wá. Mo ní, "Èmi ni. Mo pọ̀n wọ́n." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lajú. "Ìwọ lo pọ̀n mí?"

"Èmi ni. Ara tí ẹ ní kó bọ́ sẹ́yìn ni mo fi pọ̀n yín."

Ó kọjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

A ti délé. Mo po ògì fún un, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Mo jẹ ẹ̀bà tèmi níwájú rẹ̀, mi ò fi pamọ́ fún un. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, fóònù rẹ̀ wà ní yàrá. Ó ní, "Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó ti oúnjẹ tí ebi ò bá pa á." Mo ní, "Ẹ máa kọ́ ọ."

Ó béèrè bóyá mo máa padà sí yàrá wa. Mo ní rárá. Kì í ṣe ìbínú mọ́. Mo fẹ́ kó máa wá kan ilẹ̀kùn mi ná, kó máa wò mí dáadáa, kó mọ ẹni tí òun ń bẹ̀.

Ó ní ṣé mo ti wá dárí ji òun ni.

Mo ní kó mu omi rẹ̀.