Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Láàárọ̀, ní kíláàsì Bíbélì ní àdúgbò Mayfair, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, hupselophroneo: kí èèyàn gbé ọkàn rẹ̀ ga. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Lọ́sàn-án, Délé àbúrò mi wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá. Ó dọ̀bálẹ̀. Nílé wa, tí wọn ò bá tíì fọwọ́ ọ̀tún kan ẹni lẹ́yìn, ìdáríjì ò tíì dé. Bàbá kọjú sí ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ti rọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá sì ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.

Délé dìde fúnra rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò dárí jì mí."

Mo pa àṣírí ọwọ́ náà mọ́. Inú ń bí mi sí Bàbá títí di ìsinsìnyí.

Nígbà tó lọ tán, Bàbá fi òsì gbé ọ̀tún lé itan.

"Ọmọ yẹn ti rù," ni wọ́n wí.