Èèkù Ìbọn Merle

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà

Garth ọmọ mi pè láti Denver. Ó ti gbọ́ pé olè fọ́ ilé aládùúgbò mi kan lápá odò. Ta ló sọ fún un? Ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò ẹlẹ́nu bí aago ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ta ilé, kí n wá máa gbé yàrá ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ òun àti ìyàwó òun. Yàrá abẹ́ ilẹ̀! Èmi tí wọ́n bí sí ilẹ̀ gbalasa Wyoming, kí n máa ti ojú fèrèsé wo bàtà àwọn èèyàn.

Mo ní ìbọn Merle, olóògbé bàbá rẹ̀, wà nílé. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Mọ́mì, pẹ̀lú ọwọ́ yín tó rí bíi ti ọmọ ilé-ìwé? Ẹ jọ̀ọ́!"

Inú bí mi. La bá ta tẹ́tẹ́: tó bá dé, màá yin ọta márùn-ún sí àwo oníbébà kan. Bí gbogbo rẹ̀ bá bà á, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ilé títà mọ́ láéláé. Bí ọ̀kan péré bá tàsé — mò ń di ẹrù nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì

Mo gbé ìbọn Merle jáde. Bàbá Ńlá ni mò ń pè é. Bí mo bá di èèkù rẹ̀ mú dáadáa, ìka mi ò dé ibi tí wọ́n ń fà. Bí ìka mi bá dé ibẹ̀, ọwọ́ mi ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Garawa omi adìẹ ni mo bà.

Àwọn adìẹ ò yé ẹyin lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Garth ti fóònù ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ó ti yan ọ̀kan, ó ti sanwó rẹ̀ dè mí. Kékeré, fúyẹ́, èèkù rẹ̀ pupa bí ète ọmọge. Ọmọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tà á ní, "Ìbọn obìnrin ni, Mà. Ọwọ́ kékeré, ìbọn kékeré." Ẹnu rẹ̀ dùn. Mo sọ ìbọn náà ní Ẹ̀fọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀fọn jẹ mí. Ọwọ́ wú. Kò sí búrẹ́dì pípò lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo gbé Ẹ̀fọn lọ bá Twyla, tó ń kọ́ àwa obìnrin níbọn yíyìn. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní kò sọ́sẹ̀ tí ọkùnrin kan kì í ra irú ẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀. "Verna, ìbọn tó bá fúyẹ́, agbára ọta ò ríbi lọ àfi ọwọ́ ẹ! Kì í ṣe kó kéré, kí èèkù ẹ̀ bá ẹ lọ́wọ́ mu ni."

Mo dán tirẹ̀ wò. Ọ̀kan, mi ò lágbára àtifa irin orí rẹ̀ sẹ́yìn kó lè gba ọta. Èkejì, èèkù rẹ̀ sanra bí ìgò wàrà. Ó ní ká wo Bàbá Ńlá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Twyla wá. Ó jẹ páì ṣẹ́rì mi, ó tún bù sí i, ló bá mú sukudiráfà jáde láti tú èèkù Bàbá Ńlá. Mo fò dìde. Merle ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi èèkù yẹn nígbà òtútù kan, ó gbẹ́ ẹ sanra nítorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fẹ̀ bí ṣọ́bìrì. Omi bọ́ lójú mi.

Twyla ní, "Kì í ṣe Merle là ń tú. Igi ni."

Ó tú u. Irin abẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́! Ó de èèkù rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ ọn, ó kó ọta tí kò lágbára púpọ̀ sí i. Ìka mi dé ibi tí wọ́n ń fà, ó sinmi síbẹ̀. Ìbọn sì wúwo dáadáa — kò ta mí lọ́wọ́ rárá.

Mo gbé igi Merle sójú fèrèsé ìdáná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mẹ́rin bà á, ọ̀kan tàsé. Ẹ̀rù ń bà mí o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Garth dé. Ó kó páálí òfìfo wá sẹ́yìn ọkọ̀ — páálí ìkẹ́rù! Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mo lẹ àwo mọ́ ara igi ìdáná tí mo tò jọ, mo dúró, mo mí kanlẹ̀.

Márààrún.

Ó ń ki ìka bọ ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìbọn yẹn rọrùn, ta ni ò lè yìn ín? Mo fi Ẹ̀fọn lé e lọ́wọ́. "Èyí tí o yàn fún mi nìyí. Ó yá." Àwo ò mọ̀ pé ẹnì kankan yìnbọn. Ẹ̀fọn bù ú jẹ. Ó wọ ìdáná lọ ki ọwọ́ bọ omi tútù. "Mọ́mì, ìyà ni mo rà fún yín."

Ibẹ̀ ló ti rí igi bàbá rẹ̀. Ó dì í mú. Ìka rẹ̀ ò yí i ká. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo tèmi. Ọ̀kan náà ni! Ó ní láti kékeré lòun ti rò pé òun kàn jẹ́ ọ̀dẹ̀ nídìí ìbọn ni, torí òun tàsé gbogbo ohun tí Dádì ní kóun yìn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Mo gbé Bàbá Ńlá lé e lọ́wọ́. Ó lu àwo láàárín gbùngbùn, ó ń pariwo bí ọmọdé.

Mo fi àwọn páálí rẹ̀ ṣe ìtẹ́ adìẹ.

Nídìí oúnjẹ ó ní ṣé òun lè mú Bàbá Ńlá lọ sí Denver, fúngbà díẹ̀. Mo ní rárá o. Ṣùgbọ́n ilé yìí náà ní yàrá ìsàlẹ̀, bó bá fẹ́ wá máa gbé nítòsí rẹ̀.