Imú Ni Mo Tẹrí Fún, N Kò Bẹ Ẹnikẹ́ni

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ọsibítù ń lọ déédéé? A kò ní sunkún rẹ, ìwọ náà kò ní sunkún wa. Ìyá rẹ ń kí ọ, adìẹ funfun ti pa ọmọ mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìwọ lo sì fà á.

O mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi tí ẹ ń pè ní Bàbá Kékeré kì í bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti ṣẹ́ eyín ayùn mi, tó sì ní òun kọ́ ló ṣẹ́ ẹ. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan náà la wà, ṣùgbọ́n mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sáàárín wa. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà nímú mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ wọ ọ̀fun, mo bì. Ìyá rẹ pè ọ́ lórí fóònù aláwòrán. Bí ojú rẹ ṣe yọ, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ta sí aṣọ funfun rẹ, ìwọ sì ń pariwo pé o kò rí nǹkan kan.

O ní kí n jókòó, kí n tẹrí síwájú, kí n má gbójú sókè mọ́, kí n fún ibi tó rọ̀ nímú, nísàlẹ̀ egungun, kí n máa fi ẹnu mí, kí n má sọ̀rọ̀, kí n má sì tú u wò títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi pé. Gọ́ọ̀mù igi wà lọ́wọ́ mi, ọwọ́ ń yọ̀. Ni Bàbá Kékeré bá fo ilà, ó dì mí nímú bí ẹni di ẹnu àpò sìmẹ́ǹtì. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà! Orí mi sì tẹ̀ níwájú ikùn rẹ̀. Ó wá rọra ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ayùn.”

Àwọn oníbàárà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé mo tẹrí bẹ̀ ẹ́ ni. N kò sì lè fèsì, torí o ní kí n má sọ̀rọ̀.

Fóònù àbúrò mi ké, mo juwọ́ sí i pé kó gbé e, ó lè jẹ́ ọ̀gá rẹ ní ọsibítù. Ó ní ago tí òun fi sí i ló ké, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló pé. Ẹ̀jẹ̀ ti dá. O béèrè bóyá ọ̀fìnkìn ni, àbí wọ́n gbá mi nímú, àbí eruku igi ló gbẹ inú rẹ̀, àbí mo fìka họ ọ́. Mo ní eruku ni. Àbúrò mi ní láti kékeré ni mo ti ń họ ọ́. Lójú gbogbo ènìyàn! O ní kí n má fọnmú, kí n má họ ọ́ mọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìdá, kí n wá sí ọsibítù kíá.

Nítorí náà, fi owó ìpara tí o ní kí n máa fi pa etí imú ránṣẹ́, àti ti aṣọ tí n ó fi bo imú nítorí eruku. Kí o sì bá mi kọ ìwé tó ní òǹtẹ̀ ọsibítù, kí o kọ ọ́ gàdàgbà pé ìtọ́jú ni mo tẹrí gbà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n má tíì fi ìwé náà ránṣẹ́. Láràárọ̀ ni Bàbá Kékeré ń wá wo imú mi. Lánàá ó gbé ayùn tuntun wá, ó ní òun lòun ṣẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ wa sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilà ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́ tán.

Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ kò ní rọ. Ibi tí orí rẹ bá ti tẹ̀, ire ni yóò fi gbé e dìde.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò bẹ ẹnikẹ́ni.