Àwọ̀ tí mo tẹ̀ fún ògiri Matron

Nọ́ọ̀sì kan máa pàdánù iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ Monday tó ń bọ̀ yìí, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí Mowe níbí ni mò ń gbé, àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn sì ń ka page yìí... Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún pastor, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Iṣẹ́ graphics ni mò ń ṣe. Mi ò kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnì kankan, orí fóònù ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí mo fi mọ̀ ọ́n. Flyer ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìgbéyàwó, ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ike zobo, gbogbo ẹ̀ ni mò ń ṣe. Àwọn oníbàárà mi kan máa ń sọ pé iṣẹ́ mi á tàn yanran lórí fóònù, àmọ́ tó bá dórí ìwé á ṣókùnkùn, èmi náà á ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló fà á. Mi ò bèèrè rí pé kí ló dé. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwọ̀.

Matron tó ni ilé ìgbẹ̀bí kan ládùúgbò wa ló pè mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lóyún rí á mọ strip tí wọ́n máa ń tì bọ inú ìtọ̀. Ibi kékeré kan wà lára ẹ̀ tó máa ń yí àwọ̀ padà: tó bá dúró ní yẹ́lò, kò séwu, tó bá ti ń di àwọ̀ ewé, nǹkan kan wà nínú ìtọ̀ yẹn tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ̀mí ìyá àti ọmọ sì lè wà nínú ewu. Ara ike strip yẹn ni wọ́n ya àwọn àwọ̀ náà sí kí nọ́ọ̀sì lè fi wé e, ṣùgbọ́n wọ́n kéré bí èékánná, ojú Matron ò sì ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ ọ́ di ńlá kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Mo fi fóònù ya ike yẹn lábẹ́ iná gílóòbù, mo gbé e sórí laptop, mo fa àwọn àwọ̀ ẹ̀ jáde kó lè rẹwà, mo fi ránṣẹ́ sí Matron lórí WhatsApp. Wọ́n gbé strip ti ojú fóònù wọn, inú wọn dùn, wọ́n ní ó bára mu rẹ́gí. Lóòótọ́ ló bára mu... lójú fóònù. Mo dé Ibafo lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni tó máa ń bá mi tẹ̀wé, ìwé jáde, yẹ́lò yẹn ò jọ yẹ́lò mọ́. Àwọ̀ ewé ti wọ inú ẹ̀, ó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pọ́n. Ọ̀gbẹ́ni yẹn wò ó, ó ní, "Madam, ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí lójú screen, iná ni. Iná pupa, iná aláwọ̀ ewé, iná búlúù, wọ́n pa á pọ̀ ló fi ń tàn. Ìwé ò ní iná kankan o. Íǹkì ni mo ní, íǹkì ò sì lè ṣe gbogbo ohun tí iná ń ṣe. Ẹ lọ tún file yín ṣe fún ìwé, kẹ́ ẹ gbé ike yẹn wá ká fi wé e." Ẹ gbọ́, ó sọ fún mi! Ó sọ ọ́ kedere! Èmi ni mo ní kò sí wàhálà, pé ọ̀la ni ọjọ́ àwọn aláboyún, pé òjò ti ṣú... Mo ní kó laminate ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni mo gbà, ọ̀kan fún Matron, méjì fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó ní ilé ìgbẹ̀bí ní Akute àti Ọbáfẹ́mi.

Sister Bùkọ́lá, kì í ṣe orúkọ wọn gan-an nìyẹn, yàrá wọn kọjú sí tiwa. Irun ni wọ́n ń ṣe, èmi ni mo sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ Matron nígbà tí wọ́n lóyún. Oyún wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ wọn wú, orí ń fọ́ wọn. BP wọn ga díẹ̀, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti strip bọ ìtọ̀ wọn, ó wo ògiri, ó kọ pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun kan náà ló kọ. Matron ní kí wọ́n lọ sinmi, pé ìdúró ṣọ́ọ̀bù ló ń wú wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán Sunday kan, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ṣubú lulẹ̀ gbì, gìrì mú wọn, ara wọn ń gbọ̀n jìgìjìgì... Yéè! Mi ò lè gbàgbé ojú wọn. Mọ́tò ọkọ mi la fi gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lójú ẹsẹ̀. Dókítà bèèrè lọ́wọ́ ọkọ wọn pé ṣé wọn ò yẹ ìtọ̀ ìyàwó ẹ̀ wò ni, ọkọ ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ìwé tí mo tẹ̀ fún ògiri Matron ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọlọ́run ṣàánú, wọn ò kú. Ọmọbìnrin ni, ó kéré, ó ṣì wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ móoru. Ojú ìyá ẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì.

Ọjọ́ kejì, mo lọ sọ́dọ̀ Matron, mo parọ́ pé etí laminate yẹn ti ń ṣí, ẹ jẹ́ n pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbé e síta, sójú oòrùn, mo gbé ike strip tì í. Ẹ̀yin èèyàn mi... àwọ̀ tó wà níbi tí mo kọ "kò sí nǹkan" sí, òun gan-an ni ike pè ní "ó wà". Kí ni mo wá ṣe? Ṣé mo pariwo ni? Mo kì í bọ inú báàgì, mo lọ ilé. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà báyìí.

Matron ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì ni wọ́n rí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ fún Matron, ó ń sunkún, "Mummy, mo wò ó dáadáa, mo fi wé ti ògiri." Mo wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Lánàá, ọkọ Sister Bùkọ́lá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ń ṣàdúrà fún mi pé èmi ni mo gba ẹ̀mí ìyàwó òun là... àdúrà yẹn ń dẹ́rù bà mí ju èpè lọ.

Mo pe ti Akute láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ike làwọn ń wò, àwọn ò lẹ tèmi rárá. Ti Ọbáfẹ́mi ò gbé fóònù. Mo ti pè, pè, pè... òní sì ni ọjọ́ àwọn aláboyún níbẹ̀. Inú mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Tí mo bá débẹ̀, màá já a lára ògiri, màá ní kí wọ́n pe gbogbo àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò padà, ìyẹn mo ti pinnu.

Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé wọ́n á fi ọlọ́pàá mú mi ni? Ṣé ọkọ mi á gbọ́ ọ kó má lé mi jáde? Tí mo bá sì dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á gba lẹ́tà tí wọ́n fi ń lé e níṣẹ́ lọ́jọ́ Monday... Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ìyá, ẹ má kàn bú mi, ẹ dá mi lóhùn. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún, ṣé Matron ni, àbí nọ́ọ̀sì yẹn, àbí Sister Bùkọ́lá tí ojú wọn ò tíì là dáadáa? Kí ni kí n sọ?