Bàbá, Ẹ Mọ̀ Pé Kì í Ṣe Òkúta Ló Ń Dún Nínú Páìpù Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ṣe àdúà fún yín lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí ẹ má baà rò pé ìbínú gbé mi dé ibi tí mi ò ti ní ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gan-an ni mo ń bínú sí.

Súlù ti tú ẹ̀rọ ìpara mi tí mo so mọ́ pọ́ńpù yín. Àbúrò mi tí mo pọ̀n dàgbà, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ilé lẹ́yìn fídáù yín, torí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Mo gbé ìpara òrí lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Ọjà-Ọba. Kí n tó dé, ó ti yọ páìpù tó fún láàárín, ó fi páìpù gbọọrọ kan rọ́pò rẹ̀. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Àǹtí mi, òkúta ti wọ pọ́ńpù. Mo ti bá yín tún un ṣe."

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Bàbá ò lè gbọ́ irú ariwo yẹn kí wọ́n dákẹ́ náà!"

Òrí ti léfòó sókè nínú tánkì, omi wà nísàlẹ̀. Gbogbo ìpara ọjọ́ náà, mo dà á nù.

Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń tún pọ́ńpù ṣe ní Táíwò Road, ohun kan náà lẹ̀ ń sọ: bí pọ́ńpù bá ti ń dún bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ká sáré pa á, irin inú rẹ̀ ló ń jẹ. Títí dòní, bí pọ́ńpù aládùúgbò bá dún bẹ́ẹ̀, àwa ọmọ yín á ti dìde nídìí oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín jókòó ti ẹ̀rọ mi, Bàbá. Ẹ gbọ́wọ́ lé páìpù náà, ẹ dijú. Mo ṣàlàyé fún yín bí wẹ́dà tó bá mi jó irin rẹ̀ pọ̀ ṣe ṣàlàyé fún mi. Bí omi àti òrí yíyọ́ bá dé ibi tó fún, wọ́n á sáré, agbára tí wọ́n fi ń ti ara páìpù á wálẹ̀, omi á hó láìsí iná, á máa yọ ìhó róbótó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Bí páìpù bá tún gbòòrò, àwọn ìhó yẹn á bẹ́ láàárín omi, kì í ṣe lára irin, wọ́n á fọ́ òrí túútúú débi pé kò ní lè yà kúrò lára omi mọ́. Ariwo bíbẹ́ yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Ohun tó jẹ irin mọ́ yín lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, òun ni mo mú wá ṣiṣẹ́ fún mi. Kò sí ọmọrogùn mọ́, kò sí èjìká dídùn, gáàsì ò tán kíákíá mọ́.

Ẹ ní kí n tú u. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́, ẹ wá ibi tó ti jẹ, ẹ ò rí. Ẹ fi òrí ọwọ́ yín pa ìgúnpá, ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ ò sọ fún ẹnì kankan.

Kí ló dé? Ṣé pé obìnrin ló ṣe é ni? Àbí ẹ rò pé ẹ ṣì máa pẹ́ láyé?

Mo dá páìpù mi padà, Súlù pe ẹbí jọ. Wọ́n ní mò ń ba pọ́ńpù tí ẹ fi sílẹ̀ fún gbogbo wa jẹ́, kí n kó ẹ̀rọ mi jáde kó tó di Jímọ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní ta ló gbọ́?

Mo ti rí àyè kan gbà ní Adéwọlé. Mo fi pọ́ńpù yín sílẹ̀ fún Súlù. Owó ilé ni n ó máa san báyìí, nínú ìlú tí bàbá mi ní àgbàlá sí.

Ojoojúmọ́ ni n ó máa tọrọ àlùjánnà fún yín. Ṣùgbọ́n ti àárín èmi àtẹ̀yin, Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Mi ò tíì yọ̀ǹda fún yín lórí dídákẹ́ tí ẹ dákẹ́.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.