Ojú Ìwọ̀n Tí Kò Ka Agbọ̀n Kún

Ilé Kejì sí Ìkángun,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹrù.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Abójútó Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́,
Ilé Alájà Mẹ́ta,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ FI OJÚ YÍN RÍ OJÚ ÌWỌ̀N Ẹ̀RỌ AGBẸ́RÙ TÓ PA ÀBÚRÒ MI, KÍ ILÉ-IṢẸ́ TÓ TÚN UN KỌ́ NÍ ỌJỌ́ AJÉ

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni ẹ̀gbọ́n obìnrin fún ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù nínú ọgbà ẹrù tó wà lẹ́yìn òpópónà wa. Olùkọ́ àgbà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìyá Tísà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ìyá wa kú nígbà tí àbúrò mi yìí ṣì kéré, ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí pé bó bá ń sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ìró rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, okùn irin ẹ̀rọ náà já lójú iṣẹ́, ìkọ́ rẹ̀ fò padà lu àgọ́ onígíláàsì tó jókòó sí, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. N kò kọ̀wé láti bá ikú ṣe ẹjọ́. Ikú ti ṣe tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn òkú rẹ̀ ló gbé mi dìde.

Ilé-iṣẹ́ ti fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n ní àbúrò mi mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹrù tó ju agbára ẹ̀rọ lọ. Wọ́n ní ó pa agogo ìkìlọ̀ kó má baà dí òun lọ́wọ́. Wọ́n ní nọ́ńbà ìwọ̀n ẹrù tó pè sílẹ̀ láti inú àgọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, irọ́ ni, nítorí pé ìwé ẹrù tí ó wà lọ́fíìsì fi hàn pé ẹrù náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tí wọ́n ní pé ó pa agogo kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró agogo. Wọ́n wá ya àwòrán rẹ̀ ńlá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu géètì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ má ṣe bíi tirẹ̀." Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ọ̀gá! Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gba iwájú géètì yẹn lọ sílé-ìwé. Ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí, ó sì ń pẹ́ dé kíláàsì. Mo bi í nílé ìdí tó fi ń pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Dádì, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ní Dádì mi purọ́?" Ìbéèrè yẹn ló rán mi lọ wádìí.

Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. N kò sọ pé ẹ̀yin ti dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ tíì gbọ́, òkú kò sì lè rojọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ro ẹjọ́ rẹ̀ fún yín.

Mo wá ẹlẹ́rọ tó ṣètò ojú ìwọ̀n ẹ̀rọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yàrá tóóró kan lókè ilé ìtàwé, níbi tí wáyà ti gba gbogbo orí tábìlì. Ó kó wáyà kúrò lórí àga fún mi, ó sì ṣàlàyé fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní irin kan tí ìkọ́ rọ̀ mọ́ ni wọ́n lẹ sẹ́ńsọ̀ mọ́. Wáyà ni, kò nípọn tó irun orí. Bí ẹrù bá fa irin náà, irin á nà. Nínà ọ̀hún kéré débi pé ojú ènìyàn kò lè rí i, ṣùgbọ́n wáyà á bá a nà, ojú ìwọ̀n tó wà nínú àgọ́ awakọ̀ á sì sọ nínà yẹn di nọ́ńbà. Àmọ́ ẹ̀rọ kò mú kílò kankan ti ọ̀run wá, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìkọ́ sílẹ̀ láìsí ohunkóhun lára rẹ̀, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á fi hàn án pé èyí ni òdo. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ohun tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ dájú mọ́ ọn, wọ́n á sọ iye rẹ̀ fún un. Láti ibi méjèèjì yìí ni yóò ti máa ṣírò gbogbo èyí tó bá kù. Agogo ìkìlọ̀ pẹ̀lú, nọ́ńbà tó wà lójú ìwọ̀n ló ń tẹ̀ lé. Bí nọ́ńbà kò bá dé ibi ìkìlọ̀, agogo kò ní dún láéláé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi kíá. Bí a bá ti kọ́ ọmọ pé orí èjì ni à ń ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kò sí bí yóò ṣe ka nǹkan pé mọ́.

Mo wá bi ẹlẹ́rọ náà pé níbo ló wà nígbà tó tẹ bọ́tìnì òdo. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní inú àgọ́ lókè lòun wà, òun kò sì lè rí ìkọ́ láti ibẹ̀ nítorí òrùlé ibi ìkẹ́rùsí tó dí òun lójú. Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti lọ fi ojú rí i, ọ̀gá ọgbà ní kó yára, pé ọkọ̀ ẹrù ti tò dé títì. Ni ó bá fi fóònù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹni náà ni ọkùnrin tó ń fi ṣéènì so ẹrù mọ́ ìkọ́, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣéènì. Ẹlẹ́rọ ní, "Ṣé kò sí nǹkan níbẹ̀?" Bàbá Ṣéènì fèsì pé, "Ó ti sinmi." Ẹlẹ́rọ tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Nínú ọgbà náà, agbọ̀n irin ńlá kan wà tó máa ń wà lẹ́nu ìkọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ṣíwọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrù wẹ́wẹ́ sí. Bí wọ́n bá tú ẹrù inú rẹ̀ tán, wọn kì í sọ pé ó ṣófo. Àwọn àgbà ibẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ òfo sétí rárá. Wọ́n ní ẹni tí irin ń fò kọjá lórí rẹ̀ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe òfo. Wọ́n á ní ó ti sinmi. Ohun tí Bàbá Ṣéènì sọ fún ẹlẹ́rọ ni pé kò sí ẹrù nínú agbọ̀n mọ́, òótọ́ ló sì sọ. Ohun tí ẹlẹ́rọ gbọ́ ni pé ẹ̀rọ ti sinmi, ìkọ́ wà lásán, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Agbọ̀n irin gbọ̀ngbọ̀nràn ń rọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ sì kọ́ ọ pé òdo ni. Nígbà tó yá, inú agbọ̀n náà ni wọ́n kó irin ìdánwò tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sí, gbogbo rẹ̀ sì bá ara mu lójú wọn. Bàbá Ṣéènì wá bá mi nílé nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sí géètì. Ó jókòó, ó gbé omi tí mo fún un sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tísà, ẹnu mi ni." Mo ní kì í ṣe ẹnu rẹ̀. Ọmọ ènìyàn méjì ló sọ Yorùbá fún ara wọn, olúkúlùkù sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń kánjú tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó, òun ni mo bínú sí.

Ẹ lè béèrè pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá yọ agbọ̀n kúrò, ṣé ojú ìwọ̀n kò ní fi hàn pé òun ti lọ sísàlẹ̀ òdo? Èmi náà béèrè. Ẹlẹ́rọ ní ilé-iṣẹ́ ló ní kí òun ṣètò ojú ìwọ̀n náà kó má máa fi ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ òdo hàn, nítorí pé ó máa ń kọ nọ́ńbà kékeré bí afẹ́fẹ́ bá ń mi ìkọ́, àwọn oníbàárà sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, yálà ìkọ́ wà lásán, yálà ohun kékeré ló gbé, òdo ni yóò kọ. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i. Wọ́n fi ṣe àwàdà, wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ní Kò-ka-kékeré-sí, bí ẹni ń pe ọlọ́lá tí kì í dá mẹ̀kúnnù lóhùn. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmì ewu ló ń wò wọ́n lójú. Àbúrò mi sọ ọ́ fún ọ̀gá ọgbà pé ojú ìwọ̀n yìí kò dá òun lójú, ìṣojú Bàbá Ṣéènì ni. Ọ̀gá ọgbà ní ẹ̀rọ tí ẹlẹ́rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lù, kí ló kan awakọ̀ níbẹ̀?

Gbogbo ẹrù tí wọ́n wá ń fi agbọ̀n gbé lẹ́yìn náà, ó ń ju iye tí ojú ìwọ̀n ń pè lọ, agbọ̀n ni kò kà kún un. Okùn irin ń jẹ ìyà yìí lójoojúmọ́, kò sì lẹ́nu tó fi máa sọ ọ́. Ní ọjọ́ burúkú yẹn, wọ́n yọ agbọ̀n, wọ́n fi ṣéènì so ẹ̀rọ gígùn kan tí wọ́n fi ń tẹ irin mọ́ ìkọ́, torí pé kò gba inú agbọ̀n. Ìwé ẹrù wà lọ́fíìsì, kò dé ọwọ́ ẹni tó wà lókè. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe bó ṣe máa ń ṣe: ó gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó ka nọ́ńbà tó rí, ó pè é sílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ kí gbogbo wọn gbọ́. Ojú ìwọ̀n ti yọ iye agbọ̀n kúrò nínú ìwọ̀n ẹrù náà, nọ́ńbà náà kò sì dé ibi ìkìlọ̀. Agogo kò dún, nítorí pé kò sí ohun tó ní kó dún. Kò pa agogo. Kò purọ́. Ohun tó rí ló pè.

Mo ti lọ bá ọ̀gá ọgbà lọ́fíìsì rẹ̀. N kò pariwo, n kò bú u. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí a so ohun kékeré kan mọ́ ìkọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí a sì wo nọ́ńbà tí yóò kọ. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dópin. Ó ní, "Mọ́mì, ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ẹ lọ sílé, ẹ lọ sinmi." Ọ̀rọ̀ yìí kan náà! Mo dìde, mo jáde, torí pé bí mo bá dúró, ohun tí mo máa sọ kò ní yẹ olùkọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: wọ́n ti so okùn tuntun, ẹlẹ́rọ mìíràn yóò wá tún ojú ìwọ̀n kọ́ ní ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín. Kí ọjọ́ Ajé tó dé, ẹ rán ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lọ sí ọgbà náà. Kó yọ agbọ̀n kúrò. Kó so ohun kan tí ìwọ̀n rẹ̀ dá a lójú mọ́ ìkọ́, ohun tó fúyẹ́ ju agbọ̀n lọ, kó sì gòkè lọ wo ohun tí ojú ìwọ̀n kọ. Kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ṣéènì yóò wá bí ẹ bá pè é. Ẹlẹ́rọ àkọ́kọ́ ní òun kò lè kọ ọ́ sínú ìwé nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbìmọ̀ bá bi òun léèrè, òun kò ní ṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ojú ìwọ̀n ka ohun náà pé, mo gbà. Èmi fúnra mi yóò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá ọgbà ní ìṣojú gbogbo òṣìṣẹ́, n ó sì fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọ yẹn pé bàbá rẹ̀ jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá kọ òdo, kí wọ́n ṣí àwòrán àbúrò mi kúrò ní géètì, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òótọ́ ni bàbá rẹ̀ pè.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá pẹ́, kò ní bá a mọ́. Inú ojú ìwọ̀n yẹn nìkan ni ẹ̀rí wà, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló sì máa pa á rẹ́. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́, àbúrò mi yóò sì di òpùrọ́ títí ayé.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín, tí mò ń retí ẹsẹ̀ yín ní géètì,

Ìyá Tísà,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, awakọ̀ ẹ̀rọ agbẹ́rù.